Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Tí Ògiri Ò Gbàgbé

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwádìí ló kọ́kọ́ rí i. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, aago méje kò tíì lù. Ó gbé garawa gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ló bá rí i pé gíláàsì ojú ilẹ̀kùn ti fọ́, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Garawa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi ọṣẹ ṣàn wálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Igbe tó ké pọ̀ débi pé ọlọ́dẹ tó ń tòògbé lẹ́nu géètì sáré wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

Kó tó di aago mẹ́jọ, Inspẹ́kítọ̀ ti dé. Ọ̀gá Rọra ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí kò sí ẹni tó máa bi ní ìbéèrè tí kò ní kọ́kọ́ sọ fún pé, "Ẹ rọra, ẹ mí kanlẹ̀." Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín o. Àwọn tó ti kó sí i lọ́wọ́ sọ pé ó sàn kí ọlọ́pàá mìíràn gbá àwọn létí ju kí ti ibí yìí ní kí àwọn rọra lọ. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é láyé, bọ́ọ̀lù ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje àṣekágbá ọjọ́ Àbámẹ́ta wà nínú àpò àyà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ti fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mẹta kó tó débẹ̀.

Ó wo yàrá náà yíká. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Kọ́bọ́ọ̀dù irin mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ti àárín nìkan ni wọ́n fi irin yọ lẹ́nu. Olè wo ló máa fi kọ̀ǹpútà mẹ́ta sílẹ̀, tí á gbé ìwé? Olè tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ebi kọ́ ló ń pa á, ẹ̀rù ló ń bà á.

Inspẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó fọ́ gíláàsì yẹn gbọ́n díẹ̀, ó ti kọ́kọ́ lẹ téèpù funfun mọ́ ọn lójú kó má baà dún. Téèpù náà nípọn bí aṣọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi já a, kì í ṣe sísọ́ọ̀sì. Ìdí téèpù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ká sábẹ́ díẹ̀, bí télọ̀ ṣe ń ká etí aṣọ. Ó wò ó títí, ó fi èérún kan sínú báàgì, ó dìde.

"Kí ni wọ́n kó lọ?" ló bi akọ̀wé ìwádìí, ọmọbìnrin kan tó wọ gíláàsì ojú, tí ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

"Ìwé ìdánwò ni, sà. Ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ti ọdún mẹ́fà gbáko."

"Ẹgbẹ́ wo?"

Akọ̀wé dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Inspẹ́kítọ̀ wúkọ́, nítorí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni, ẹgbẹ́ tó fẹ́ lọ wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

"Ẹ rọra, ẹ mí kanlẹ̀. Irú ìdánwò wo ni?"

"Tí sáà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan máa wá jókòó síwájú mi. Mo máa ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sí i létí. Á sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á wá kọ èyí tó bá rántí sílẹ̀. Tó bá wá forí gbá nǹkan láàárín sáà, á padà wá ṣe é. Tí iye tó rántí bá dín sí ti àkọ́kọ́, ó túmọ̀ sí pé ọpọlọ rẹ̀ ti mì, kó lọ sinmi. Tí kò bá dín, kó máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ."

"Ó dáa. Kí ló wá ń pa yín lẹ́kún?"

Akọ̀wé yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá kan náà la ń lò láti ọdún mẹ́fà, sà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni ìwádìí náà ní tí a bá yí i padà, a ò ní lè fi ti èṣí wé ti ọdún yìí. Iye nìkan la sì ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà: mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tẹ́ ìwé ẹgbẹ́ yẹn sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn kọ mẹ́rin. Mẹ́rin kan náà! Àga, bàtà, okùn, ọṣẹ. Kí wọ́n tó farapa, àga, bàtà, okùn, ọṣẹ. Lẹ́yìn tí wọ́n farapa, àga, bàtà, okùn, ọṣẹ. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí ni."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Mo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n má da omi síná àwọn. Lánàá ni mo wá lọ sí yàrá ìmúra ẹgbẹ́ náà, mo béèrè lọ́wọ́ wọn. Kóòṣì wà níbẹ̀, Ògiri agbábọ́ọ̀lù wọn wà níbẹ̀, Bàbá Ìpara tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ wọn náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ilẹ̀ mọ́ lónìí, ìwé ti lọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wà ní yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀. Àgbàlagbà tó mọ́ tónítóní ni, irun funfun, táì pupa, ìwé ńlá kan níwájú rẹ̀ tí wọ́n fi ike dídán bò. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe ìwádìí inú ìwé náà. Àbájáde rẹ̀ ni pé orí fífi gbá orí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù ní nǹkan kan. Aago mẹ́wàá ọjọ́ Ẹtì ló fẹ́ kà á níwájú ìgbìmọ̀ líìgì. Tí wọ́n bá ti gbà á wọlé, òfin tó ní kí ẹni tó bá forí gbá nǹkan sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta máa kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá òkè, sà?"

"Èmi àti akọ̀wé nìkan. Inspẹ́kítọ̀, ẹ má da ara yín láàmú. Ìwé lásán ni wọ́n jí. Nọ́ńbà wà nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kì í sì í purọ́."

"Òótọ́ ni, sà. Ẹni tó kọ nọ́ńbà ńkọ́?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n fajú ro.

"Àwọn tí orí fífọ́ lé kúrò nídìí bọ́ọ̀lù ńkọ́?" ni Inspẹ́kítọ̀ tún bi í. "Kí ni ìwádìí yín rí lára wọn?"

"Àwọn yẹn ò sí nínú ìwádìí. Wọn ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, àwa sì ń wádìí agbábọ́ọ̀lù."

Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin èèyàn! Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá odò jìn, tó jẹ́ pé àwọn tó gúnlẹ̀ nìkan ló ń bi léèrè, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún un? Inspẹ́kítọ̀ dúpẹ́, ó dé fìlà rẹ̀, ó kọrí sí pápá.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń sáré yí pápá ká nígbà tó débẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì, lábẹ́ ìbòrí, Ògiri ló jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ kan. Èyí ni ọkùnrin tó ń dúró lẹ́yìn fún ẹgbẹ́ náà láti ọdún mẹ́jọ. Bọ́ọ̀lù tó bá gba òkè wá, orí rẹ̀ ló ń bá pàdé, ohun tó sọ ọ́ ní Ògiri nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, òun àti ẹnìkan fo sókè pa pọ̀, agbárí pàdé agbárí, ó sì sùn sílẹ̀ gbalaja. Wọ́n mú un lọ ṣe ìdánwò lọ́jọ́ kejì. Mẹ́rin ló kọ, mẹ́rin náà ló kọ níbẹ̀rẹ̀ sáà, wọ́n sì ní orí rẹ̀ pé. Òfin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìkan ló ṣẹ́kù tó dì í mú, òfin náà sì fẹ́ kú lọ́la. Inspẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ ti gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọ̀sẹ̀, pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí Ògiri gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹni tó kúnlẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ Ògiri ni Bàbá Ìpara. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi ìpara ra ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù, tó ń di téèpù mọ́ wọn lọ́rùn ẹsẹ̀. Ìka rẹ̀ nípọn, orí rẹ̀ pá, ẹ̀rín rẹ̀ ò sì jìnnà. Ó fa téèpù gbọọrọ, ó já a fàà, ó fi àtàńpàkò ká ìdí rẹ̀ sábẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ Ògiri.

"Bàbá, kí lẹ ṣe ń ká ìdí ẹ̀ sábẹ́?" ni Inspẹ́kítọ̀ béèrè bí ẹni tó ń tàkúrọ̀sọ.

"Kó má baà fún wọn ní wàhálà láti tú ni. Tí bọ́ọ̀lù bá parí, ó ti rẹ ọmọ èèyàn, ṣé èékánná ló máa fi máa wá ìdí téèpù kiri?"

"Ọgbọ́n nìyẹn. Ṣé Ògiri máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta báyìí?"

"Á gbá a ni! Nítorí pé ó forí gbá orí, kí wọ́n wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Ọ̀gá."

Ògiri rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n kò yọ dígí dúdú tó wà lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò dé abẹ́ ìbòrí. Inspẹ́kítọ̀ kí i, ó sọ fún un pé òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó gba ife kìíní fún wọn. Ògiri dúpẹ́. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn náà, ó yíjú sí i, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, sà. Ṣé ẹ ti rí bọ́ọ̀lù wa rí?"

Ìyàwó Ògiri ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó wà níwájú ilé wọn. Bí Inspẹ́kítọ̀ ṣe sọ ẹni tóun jẹ́, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ṣé ọkọ mi ló jalè ni?"

"Rárá o, ìyàwó wa. Ẹ rọra, ẹ mí kanlẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe nílé ni."

Obìnrin náà ò tíì sọ̀rọ̀ tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọkọ òun gbé omi kaná, ó gbàgbé rẹ̀ títí ìkòkò fi jó. Ó ní ó ń fi orúkọ àbúrò òun pe ọmọ wọn. Iná inú ilé ń gún un lójú, ó ń fi dígí dúdú jẹun. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ti bi í, á ní kò sóhun tó ṣe òun.

"Dókítà kan sọ fún mi pé ẹni tó bá tún forí gbá nǹkan nígbà tí ti àkọ́kọ́ ò tíì san, ó lè kú sórí pápá. Mo sọ fún un, ó ní ìdánwò ti sọ pé orí òun pé. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, Ọ̀gá! Tí wọ́n bá gbé e wá bá mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fọ́mọ yẹn?"

Inspẹ́kítọ̀ tijú àdúrà tó gbà láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi mú un wá síbi ìpàdé lọ́la. Kí aago mẹ́wàá tó lù."

Lọ́jọ́ Ẹtì, èèyàn mọ́kànlá ló jókòó yí tábìlì gígùn ká ní yàrá ìgbìmọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti dìde, ó ti ṣí ìwé rẹ̀. Kóòṣì àti Bàbá Ìpara wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, Ògiri àti ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Inspẹ́kítọ̀ wọlé, akọ̀wé ìwádìí tẹ̀lé e.

"Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin àgbà," ló wí fún alága. "Kí ẹ tó gbọ́ ìwádìí yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé fi ìdánwò náà hàn yín. Ṣé Ògiri máa bá wa ṣe é?"

"Kí ló ṣòro níbẹ̀?" ni Ògiri wí, ó sì fa ìjókòó sún mọ́ tábìlì. "Mo ti mọ̀ ọ́n."

Akọ̀wé jókòó síwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan náà tó máa ń lò. "Igi. Ìwé. Ẹyin. Fèrèsé. Aago. Ata. Ọ̀bẹ. Ẹṣin. Abẹ́rẹ́. Òjò." Wọ́n gbé tíì wá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ó fún Ògiri ní bíírò. Ògiri kọ ọ́ wéréwéré láìronú, ó tì í padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Akọ̀wé gbé ìwé náà. Ó kà á síta. "Àga. Bàtà. Okùn. Ọṣẹ."

Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó yáa pa ẹnu dé. Ògiri ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé mo gbà á?" ló béèrè.

Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó lọ dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́rin yẹn nínú ọ̀rọ̀ tuntun tí akọ̀wé kà lónìí," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Mẹ́wàá tó kà, ìkankan ò dúró lórí ọkùnrin yìí. Ohun tó ti há sórí láti ọdún mẹ́fà ló kọ. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà gbogbo ẹgbẹ́ yẹn ò ṣe dín rárá, tí ẹ fi rò pé orí fífarapa kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ẹnìkan ló kọ́ wọn. Ẹni náà ló sì jí ìwé."

Ó yọ báàgì téèpù síta, ó gbé e sórí tábìlì.

"Mo kọ́kọ́ fura sí Ọ̀jọ̀gbọ́n, torí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ náà lè fọ́ gíláàsì láti fi tan ọlọ́pàá. Àmọ́ wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún mi pé ìwé lásán ni, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹni tó jí i mọ̀ pé kì í ṣe ìwé lásán. Iye nìkan ló wà nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn gan-an, orí ìwé nìkan ló wà. Ẹ wá wo téèpù yìí. Ẹni tó fẹ́ fọ́ gíláàsì, kí ló kàn án bóyá téèpù máa rọrùn láti tú? Síbẹ̀ ó ká ìdí gbogbo ẹ̀ sábẹ́. Òun gan-an ò mọ̀ pé òun ń ṣe é, torí ọwọ́ tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe nǹkan, kì í gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Bàbá Ìpara, ẹ rọra, ẹ mí kanlẹ̀."

Bàbá Ìpara ò tiẹ̀ gbọ́ téèpù tó ń sọ. Ògiri ló ń wò láti ìgbà tó ti béèrè pé ṣé òun gbà á. Ó dìde, ó rìn wá síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Ìwé wà nínú àpótí ìpara mi, lábẹ́ táwẹ́ẹ̀lì. Ẹ lọ kó o."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ́ wọn, Bàbá?"

"Èmi náà gbá bọ́ọ̀lù rí. Mo forí gbá òpó gólì lọ́jọ́ kan, wọ́n ní orí mi ò pé mọ́, wọ́n lé mi bí ajá. Kò sẹ́ni tó tọ́jú mi, kò sẹ́ni tó bi mí pé ṣé mo jẹun. Mo wá búra pé wọn ò ní ṣe irú ẹ̀ fáwọn ọmọ mi. Mo ní kí wọ́n má kọ ju mẹ́rin lọ níbẹ̀rẹ̀ sáà, kí wọ́n há mẹ́rin kan náà sórí. Tí wọ́n bá forí gbá nǹkan, mẹ́rin náà ló máa jáde, kò sẹ́ni tó máa lé wọn." Ó yíjú sí Ògiri. "Oúnjẹ rẹ ni mo rò pé mò ń gbà sílẹ̀, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé ìwọ gan-an ni mo fẹ́ pa."

Ògiri ò tíì lóye gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ bàbá náà mú.

Alága yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àgbàlagbà náà ti jókòó, ó ń wo ìwé ńlá iwájú rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́.

"Akọ̀wé mi sọ fún mi," ló wí, "mi ò gbọ́. Ó tó ọmọ tí mo bí, ojú tì mí láti gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ má yọ òfin yẹn, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ ká tún iṣẹ́ yìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, a máa lọ bá àwọn tó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nínú ilé wọn. Akọ̀wé ló máa darí ẹ̀."

Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Alága ní ohun mìíràn tún kù. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá ń sinmi nítorí orí, kò sí ẹgbẹ́ tó gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní tí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá ti wà tẹ́lẹ̀, kò sí agbábọ́ọ̀lù tó máa há ọ̀rọ̀ mẹ́rin sórí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n na ẹgbẹ́ Inspẹ́kítọ̀ ní méjì sí òdo. Kò tíì dùn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ rí láyé kí wọ́n na òun. Ògiri wà nílé nínú yàrá tí wọ́n fa kọ́tìnnì bò, ó ń sùn.

Bàbá Ìpara fojú ba ilé ẹjọ́. Adájọ́ ní kó fi oṣù mẹ́fà ṣiṣẹ́ sin ìlú, iṣẹ́ tó sì yàn fún un ni kó máa lọ láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn, kó máa sọ ohun tó ṣe fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Kó tó dé ẹgbẹ́ kẹta, wọ́n ti ń tò lẹ́nu ọ̀nà akọ̀wé. Àwọn géńdé ọkùnrin, aláyà gàgà, wọ́n ń yọ fìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ pé, "Àǹtí, irọ́ ni ìwé mi. Ẹ tún un ṣe fún mi." Àwọn kan ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láti ọdún mẹ́wàá, ìyàwó wọn ló mú wọn wá.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Ògiri náà wá. Kò wọ dígí dúdú. Akọ̀wé ka mẹ́wàá tuntun fún un, ó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó mú bíírò. Lọ́tẹ̀ yìí kò kọ ọ́ wéréwéré. Ó ń kọ, ó ń dúró, ó ń di ojú, ó tún ń kọ, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ò lè wò ó, ó kọjú sí ògiri.

Akọ̀wé ka ìwé náà, ó fi í wé tirẹ̀, ó tún un kà.

"Mẹ́fà," ló wí.

"Mẹ́fà péré?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè, ẹ̀rù ń bà á. "Ṣé kò kéré?"

"Kò kéré," ni Ògiri dáhùn, ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó dìde. "Ìyá ọmọ mi, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ọ̀kan nínú ẹ̀. Tèmi ni gbogbo ẹ̀."